Eyín Funfun àti Eyín Tí A Ti Dí

 

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ti àwọn tí ń múra láti gba sákíráméntì ìgbéyàwó yóò mọ̀ pé ìbéèrè wọn kì í tán. Wọn a béèrè nípa ìdána, wọn a béèrè nípa ọkọ tí kò tí ì ṣe ìrìbọmi, wọn a béèrè bóyá Fádà yóò gba irú aṣọ báyìí níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mélòó kan, ìbéèrè kan ti wọ àárín wọn tí àwọn tí ó kọ́ wa ní séminárì kò mẹ́nu kàn rí: ǹjẹ́ ó dára kí ọmọbìnrin fi oògùn sọ eyín rẹ̀ di funfun kí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ tó pé? Ẹni tí ó kọ́kọ́ bi mí rò pé ìwàásù lórí ìgbéraga ni n óò fi dá òun lóhùn. Èmi kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀. Kí ìwé Ìhìnrere tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn baba wa ti ń yin eyín funfun. Ọmọbìnrin tí ó ní èjì, tí eyín rẹ̀ sì mọ́, ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ti tó oríkì fún un. Àwọn ìyá wa àgbà kì í sì í kí ènìyàn ní òwúrọ̀ àfi bí wọ́n bá ti fi orín fọ ẹnu tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí eyín òun mọ́ ní ọjọ́ tí yóò dúró níwájú Ọlọ́run àti níwájú ìdílé méjì, kí ni n óò torí rẹ̀ bá a wí?

Nǹkan mìíràn ni ó jẹ́ kí n gbé kálámù. Àwọn tí ń ra oògùn yìí kì í ronú kan eyín tí wọ́n ti dí. Wọ́n rò pé nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnu kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà, ohun tí ó bá ṣe eyín kan yóò ṣe gbogbo wọn bákan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́ lára eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa. Kì í sọ ohun tí oníṣègùn fi dí ihò eyín di funfun, àti pé nígbà mìíràn ó lè ṣe é ní jàǹbá.

Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ahoyéyé níhìn-ín, títí dé Pobè àti Sakété, plọ̀mbáàjì ni a ń pe ohun tí oníṣègùn fi ń dí eyín. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Plomb túmọ̀ sí òjé, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù má ṣe bà yín, kò sí òjé nínú rẹ̀. (Àwọn Faransé mọ̀ ọ́n ṣe: wọn a fi orúkọ ohun tí kò sí níbẹ̀ pe ohun tí ó wà níbẹ̀.) Plọ̀mbáàjì dúdú tí púpọ̀ nínú àwa tí a ti dàgbà ní lẹ́nu, àmálgáàmù ni orúkọ rẹ̀. Mákúrì ni nǹkan bí ìdajì ìwúwo rẹ̀, ìyẹn ohun olómi tí ń dán bí fàdákà tí ó máa ń wà nínú ìgò kékeré tí a fi ń wọn ooru ara láyé àtijọ́. Wọn a pò ó mọ́ lúbúlúbú fàdákà, tíìnì àti bàbà, wọn a kì í bọ inú ihò eyín nígbà tí ó ṣì rọ̀, a sì le síbẹ̀ bí òkúta. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó lágbára, ó sì ń pẹ́. Láti ọ̀rúndún 19 ni wọ́n ti ń lò ó káàkiri ayé.

Plọ̀mbáàjì funfun ni kọ̀mpósíìtì. Ohun kan tí ó dà bí oje igi tí ń le ni, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe, tí wọ́n sì po lúbúlúbú gíláàsì mọ́. Oníṣègùn a yan àwọ̀ tí ó bá eyín ẹni mu, a fi sí i, a sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kí ó lè le. Irú kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní ìyonomẹ́ẹ̀, funfun ni òun náà ṣùgbọ́n kì í dán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Òun náà ni wọ́n fi ń dí eyín àwọn ọmọdé àti ti àwọn ará oko níbi tí kò sí iná mànàmáná. Ní Tanzania, ní àárín àwọn ọdún 1980, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú eyín láìlo ẹ̀rọ tí ń han-ni-létí: irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ha ibi tí ó jẹrà kúrò kí wọ́n tó dí ihò náà. Ìyonomẹ́ẹ̀ ni wọ́n wá ń lò fún un jù. Mo fẹ́ràn kí n máa rántí èyí, nítorí pé àwa ènìyàn dúdú máa ń rò pé láti òkèèrè nìkan ni gbogbo ọgbọ́n ìṣègùn ti ń wá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ náà dé ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó jẹ́ aránṣọ ní Sakété, ń múra ìgbéyàwó rẹ̀ lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 2024. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú eyín iwájú rẹ̀ sì kán sí méjì. Oníṣègùn kan fi kọ̀mpósíìtì mọ ìdajì tí ó lọ, ó sì ṣe é dáadáa débi pé àwa tí a wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣubú gbàgbé pé eyín náà ti kán rí. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn èyí, wọ́n fi àmálgáàmù dí ọ̀kan nínú àwọn eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi ń lọ oúnjẹ. Òun náà gbàgbé ìyẹn.

Oníṣòwò kan tí ń fi àwòrán ọjà rẹ̀ hàn lórí tẹlifóònù ni ó ta oògùn náà fún un. Mo rí páálí rẹ̀. Oògùn kan tí ó ki bí oyin wà nínú rẹ̀, àti àwo rọ́bà kékeré méjì tí a ó fi kọ́ eyín, àti iná kékeré kan tí ó dà bí ohun ìṣeré ọmọdé. Èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ara páálí náà, n kò sì rí nọ́mbà kan níbẹ̀ tí ó sọ bí oògùn náà ti le tó. Ẹni tí ó tà á kò wo ẹnu ọmọ náà, kò sì bi í ní ìbéèrè kankan.

Alẹ́ mẹ́sàn-án ni ó fi lò ó. Eyín rẹ̀ funfun lóòótọ́, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì eyín tí wọ́n mọ kò kúrò lójú kan. Nígbà kan rí, kò sí ẹni tí ó lè yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù. Nísinsìnyí ó pọ́n láàárín wọn bí pákó àtijọ́ tí wọ́n fi lẹ ilẹ̀kùn tuntun. Ní alẹ́ kẹwàá ni eyín ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bí omi tútù bá kàn án, omijé a bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjìlá.

Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Èmi àti òun gbéra láti Ahoyéyé, a gba Pobè kọjá, a mú ọmọ náà ní Sakété, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Obìnrin ni oníṣègùn náà, kò gbọ́ Yorùbá. Faransé ni ó ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọ́ Faransé, nítorí náà èmi ni mo di ògbifọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ògbifọ̀ rí mọ̀ bí iṣẹ́ náà ti rí: ọ̀rọ̀ tí o rò pé ó yé ọ, ìgbà tí o bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní èdè rẹ̀ ni ìwọ yóò tó mọ̀ pé kò yé ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ sọ pé: “Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi oògùn tí ó le sí eyín yìí, kí ó funfun bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.”

Oníṣègùn náà mi orí. Ó ṣàlàyé pé omi kan tí ń jẹ́ eau oxygénée ni agbára oògùn eyín funfun. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń dà sí ojú egbò tí ó fi ń hó fọ́ọ̀. Ohun tí ó mú kí ó hó náà ni afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀. Nígbà tí a bá fi sí eyín, ó ń wọ inú awọ òde eyín, nítorí pé bí awọ náà ti le tó, ó ní àwọn ojú ihò tí ojú ènìyàn kò lè rí. Bí ó bá ti wọlé, a máa tú àwọn ohun aláwọ̀ tí ó ti kó jọ sínú eyín ká, wọn a di wẹ́wẹ́, eyín a sì mọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ̀mpósíìtì kì í ṣe ohun tí ó kó jọ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é. Àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ọn láti ilé iṣẹ́ ni. Oògùn náà lè fọ àbàwọ́n obì àti kọfí tí ó wà ní ojú rẹ̀ kúrò, kò lè ṣe ju ìyẹn lọ. Bákan náà ni pẹ̀lú eyín tí wọ́n fi tánganran bò.

Mo tú gbogbo èyí bí mo ti lè tú u. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò lọ sí ilé ìwé púpọ̀ ṣùgbọ́n tí ó ti fọ aṣọ ọmọ méje, dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní: “Ṣé bí ìgbà tí èèyàn ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ omi jafẹ́ẹ̀lì ni? Aṣọ á ṣí, bọ́tìnì á wà bó ṣe wà.” Nígbà tí mo sọ ọ́ ní Faransé, oníṣègùn náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò máa lo ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn mìíràn. Èmi náà ti lò ó ní kíláàsì àwọn afẹ́sọ́nà.

Ó wá yẹ eyín ẹ̀yìn wò. Etí plọ̀mbáàjì dúdú náà ti là, ó sì lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé oògùn ni ó là á. Ohun tí ó sọ ni pé ojú ibi tí ó là yẹn di ẹnu ọ̀nà fún oògùn láti sáré dé ọ̀dọ̀ ẹran inú eyín tí ń mọ ìrora. Eyín tí ara rẹ̀ pé pàápàá lè máa ta ènìyàn fún ọjọ́ díẹ̀ bí a bá lo oògùn yìí, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò bá wà nínú eyín, tàbí bí plọ̀mbáàjì bá ti ń jò, ọ̀rọ̀ náà lè kọjá ọjọ́ díẹ̀, ó sì lè pa eyín náà. Nítorí ìdí èyí, a kò gbọdọ̀ fi oògùn funfun sí ẹnu tí oníṣègùn kò tí ì yẹ̀ wò.

Ibi tí ìjà ti wá bẹ́ sílẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dára, bí oògùn kò bá lè sọ ìdajì eyín náà di funfun, kí wọ́n ha á kúrò, kí wọ́n sì fi tuntun tí ó funfun sí i lónìí. Oníṣègùn ní rárá, ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Afẹ́fẹ́ tí oògùn náà tú jáde ṣì wà nínú eyín, kì í sì í jẹ́ kí kọ̀mpósíìtì tuntun le dáadáa tàbí kí ó lẹ̀ mọ́ eyín pinpin. Àwọ̀ eyín fúnra rẹ̀ pẹ̀lú a máa yí padà díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní àti èkejì, débi pé ẹni tí ó bá yan àwọ̀ lónìí lè yan èyí tí kò ní bá eyín mu ní ọ̀la.

“Dókítà, ọjọ́ méjìlá ló kù. Ẹ ṣáà bá wa fi sí i.”

“Ìyá, bí mo bá fi sí i lónìí, ó lè jábọ́ kí wọ́n tó gé àkàrà ìgbéyàwó.”

Èmi ń tú u síwá, mo ń tú u sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìbínú ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì ń rọ̀ lójú kí n tó gbé e kọjá. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ìyá ìyàwó nígbà tí ọjọ́ bá ku méjìlá. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó parí ìjà. Ó ní: “Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mi mọ̀ pé mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́.” Oníṣègùn yọ plọ̀mbáàjì tí ó là kúrò, ó fi oògùn dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, ìrora sì rọlẹ̀ kí a tó padà dé Sakété.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá àwọn ẹlẹ́yín ríro ní ẹni mímọ́ kan lọ́run. Wọ́n ní in, ará ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín sì ni. Apolónía Mímọ́ ni, wúńdíá àgbàlagbà kan ní ìlú Alẹksándríà ní Íjíbítì. Ní ọdún 249, àwọn ènìyànkénìyàn dìde sí àwọn Krìstẹ́nì ìlú náà, wọ́n mú un, wọ́n lù ú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí gbogbo eyín rẹ̀ fi yọ. Wọ́n dá iná, wọ́n ní bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ òdì sí Krístì, àwọn yóò jó o. Ó ju ara rẹ̀ sínú iná náà. Bíṣọ́ọ̀bù ìlú náà, Dionísíù, ni ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà, Eusébíù sì tọ́jú rẹ̀ fún wa nínú ìwé ìtàn Ìjọ. Ọjọ́ 9 oṣù Èrèlè ni ọjọ́ ìrántí rẹ̀, bí ẹ bá sì rí ère obìnrin tí ó di ẹ̀mú mú pẹ̀lú eyín kan lẹ́nu rẹ̀, òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ títí. Ó wá ní: “Eyín kan ṣoṣo la wá ń bá dókítà jà sí yìí.”

Ọmọ náà lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú eyín aláwọ̀ méjì. Nínú púpọ̀ nínú àwọn fọ́tò náà, ẹnu pípadé ni ó fi rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀kan tí ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan sí i létí, tí ó sì bú sẹ́rìn-ín lójijì. Èyí náà ni ìyá rẹ̀ gbé kọ́ ògiri. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn náà, a padà sí Àjàṣẹ́, wọ́n tún eyín méjèèjì ṣe. Owó tí ó san lọ́jọ́ náà ju owó oògùn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Oníṣègùn sì kìlọ̀ fún un pé obì, tíì àti kọfí yóò máa dá eyín rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́, ṣùgbọ́n kọ̀mpósíìtì tuntun náà kò ní bá wọn padà. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, èyí tí ó pọ́n jù tẹ́lẹ̀ lè wá di èyí tí ó funfun jù. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni ó kọ́kọ́ lọ ni, wọn ì bá ti dí èyí tí ń jò ní àkọ́kọ́, kí wọ́n tó sọ eyín di funfun, kí wọ́n dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n sì tún tiwájú ṣe ní ìgbẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ kí oṣù ìgbéyàwó tó wọlé.

Àwọn kan bi mí bóyá májèlé ni oògùn náà. Kì í ṣe májèlé bí a bá lò ó bí ó ti yẹ. Ní òpin àwọn ọdún 1960, oníṣègùn eyín kan ní Amẹ́ríkà fi oògùn erìgì kan sínú rọ́bà tí ó kọ́ mọ́ eyín aláìsàn rẹ̀, erìgì náà san, eyín náà sì funfun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá ìyẹn. Ní 1989 ni àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Haywood àti Heymann, kọ ọ́ sí ìwé fún gbogbo ayé, pé oògùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, tí a fi sínú rọ́bà ní òru, ń sọ eyín di funfun. Oògùn 10 yẹn kò ní ju nǹkan bí 3 àbọ̀ nínú 100 eau oxygénée lọ. Agbára rẹ̀ àti ẹnu tí ó ń wọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ilẹ̀ Faransé àti ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti òpin ọdún 2012, èyí tí eau oxygénée inú rẹ̀ bá ju 0.1 nínú 100 lọ kò ṣeé tà fún ará ìlú lórí àtẹ. Ọwọ́ oníṣègùn eyín ni ó gbọ́dọ̀ ti wá, kò gbọdọ̀ ju 6 lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi sí ẹnu ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18. Ẹ fi èyí wé páálí tí kò ní nọ́mbà kankan lára. Àwọn oníṣègùn tún ń gba àwọn aboyún àti àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́mú níyànjú pé kí wọ́n fi sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

N kò tíì kúrò lórí plọ̀mbáàjì dúdú. Oògùn kò lè sọ ọ́ di funfun, gbogbo ènìyàn ni ó lè mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti rí i nínú ilé ìwádìí wọn pé bí a bá rẹ àmálgáàmù sínú oògùn yìí, mákúrì tí ń jáde lára rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Kò pọ̀ débi pé kí ẹni tí ó ti lò ó máa sunkún. Síbẹ̀ ẹni tí ó ní plọ̀mbáàjì dúdú púpọ̀ lẹ́nu kò ní ìdí láti máa da oògùn sí i lóròòru, pàápàá nígbà tí ó jẹ́ pé eyín iwájú ni ó fẹ́ kí aráyé rí. Oníṣègùn lè ṣe rọ́bà tí kò ní kan àwọn eyín ẹ̀yìn rárá.

Ọ̀rọ̀ mákúrì yìí ti di ọ̀rọ̀ àwọn ìjọba. Ní 2013 ni wọ́n ṣe àdéhùn Minamata, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Japan pè, níbi tí mákúrì láti ilé iṣẹ́ kan ti ba ẹja òkun jẹ́ tí ó sì sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Orílẹ̀-èdè wa Benin wà nínú àwọn tí ó fọwọ́ sí i. Ní 2022 wọ́n fi kún un pé kí a má ṣe máa lo àmálgáàmù fún eyín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 àti ti àwọn aboyún àti ìyá ọlọ́mọ lọ́mú, àfi bí oníṣègùn bá rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé kí lílò rẹ̀ dópin ní 2034. Àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tí ó ti rọ̀ wọ́n sí i jù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí sáré lọ yọ plọ̀mbáàjì dúdú tí ó ṣì dára lẹ́nu yín. Ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde gan-an ni mákúrì rẹ̀ ń fò sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ̀yin kò ní owó oògùn, èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ẹ̀yin ń lò, ẹ dúró ná, ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ohun tí ó bá kan a máa jẹ awọ òde eyín díẹ̀díẹ̀, awọ yẹn kì í sì í hù padà. Ó tún ń jẹ ìyonomẹ́ẹ̀ tí a fi dí eyín àwọn ọmọdé. Èédú tí a gún ní tirẹ̀ a máa ha ojú kọ̀mpósíìtì, ojú tí a ti ha a di gbágungbàgun, a sì máa gba àbàwọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ ìyá kan ní ìjọ wa tí ó ń fi méjèèjì pọ̀ mọ́ra ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Eyín rẹ̀ pọ́n síwájú sí i ni, nítorí pé bí awọ funfun òde bá ti ń tín-ínrín, egungun pípọ́n inú ni yóò máa hàn. Orín àwọn ìyá wa kò ṣe irú èyí fún ẹnikẹ́ni, bí a bá rọra fi í rin eyín. Ní ti àwọn tí eyín wọn ti dà bí eérú láti kékeré nítorí tẹtirasikíínì tí wọ́n rà fún wọn lọ́wọ́ àwọn olóògùn ọjà kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 8, inú eyín ni àwọ̀ yẹn wà. Kò sí èédú tí yóò dé ibẹ̀, ẹ má dá ara yín lóró.

Ohun kan wà tí oníṣègùn Àjàṣẹ́ yẹn sọ tí mo ti mú lò nínú ilé mi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá dí eyín fún béèrè ohun tí wọ́n fi dí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlera rẹ̀ pẹ̀lú ọdún. Nítorí pé bí ogún ọdún bá kọjá, ẹni tí ó dí i lè má sí mọ́, kọ̀mpósíìtì tí ó dára kì í sì í rọrùn láti yà sọ́tọ̀ lára eyín. Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn Mísà, mo gbé àtùpà, mo wo ẹnu gbogbo ará ilé mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tèmi jẹ́ méjì, dúdú ni méjèèjì, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní séminárì. Ìyàwó mi ní ọ̀kan, funfun. Àwọn ọmọ kò ní rárá, àfi àbígbẹ̀yìn tí mo rí ihò kékeré kan nínú eyín rẹ̀. A ó gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ kí ìwé tó wọlé.